Ọ̀nà Ẹja Tí Abẹ̀jẹ́ Dí

Ọmọ ìyá kan náà ni Abẹ̀jẹ́ àti Ìlọ̀rí. Abẹ̀jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìlọ̀rí sì gbé dàgbà, nítorí pé iṣẹ́ ẹja kì í jẹ́ kí ìyá wọn jókòó sílé. Ìletò Etídò ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá odò kan tí wọ́n ń pè ní Aróyè, nítorí ariwo tí ó máa ń pa lórí àpáta bí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìí, àbàtà kan tẹ́ rẹrẹ, tí ojúoró àti òṣíbàtà bò ó lójú. Ọ̀nà omi tóóró kan ni ó so àbàtà pọ̀ mọ́ odò. Ọ̀nà Ẹja ni àwọn ará Etídò ń pè é. Nígbà tí odò bá kún, ibẹ̀ ni ẹja ń gbà wọ inú àbàtà lọ yé ẹyin sí. Nígbà àrọ̀kúrò, tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́ tí omi sì ń fà, ibẹ̀ náà ni ìyá àtọmọ ń gbà padà sódò.

Nígbà tí ìyá wọn rí i pé òun kò ní pẹ́ láyé mọ́, ó pe àwọn méjèèjì. Ó ní, “Abẹ̀jẹ́, ìwọ ni o ni àbàtà. Ìlọ̀rí, ìwọ ni o ni etí odò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ o. Omi kan ṣoṣo ni mo pín.”

“A gbọ́, ìyá wa,” ni Abẹ̀jẹ́ wí. Etí rẹ̀ ni ó gbọ́. Inú rẹ̀ kò gbọ́.

Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nínú àbàtà rí ni yóò mọ ohun tí ojú Abẹ̀jẹ́ ń rí. Ẹrẹ̀ a dé orúnkún, eṣúṣú a lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, òórùn ẹrẹ̀ náà kì í sì í kúrò lára aṣọ bí a fọ̀ ọ́ bí a kò fọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti padà sílé ìyá rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀. Ìlọ̀rí ní tirẹ̀ a dúró nínú ọkọ̀ bí ọba, a sọ àwọ̀n bí ẹni ń fọ́n òdòdó, àwọn omidan tó ń pọnmi a sì máa kọrin kí i. Ta ní í kọrin kí ẹni tó dúró nínú ẹrẹ̀?

Síbẹ̀, wọ́n ń ṣe é bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, Abẹ̀jẹ́ kì í tètè dí Ọ̀nà Ẹja. Ìlọ̀rí yóò kọ́kọ́ dẹ àwọ̀n rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà níhà odò, yóò kó nínú àwọn tó ń padà lọ. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ yóò wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ri igi mọ́lẹ̀, tí wọn yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ọgbà dí ọ̀nà náà, gbogbo ẹja tó bá kù nínú àbàtà yóò sì di ti Abẹ̀jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a.

Ní ọdún kan, nígbà àrọ̀kúrò, oníṣòwò ẹja kan ti ìlú ńlá wá sí Etídò. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí apẹ̀rẹ̀ tí àwọn aláàárù máa ń rù tẹ̀lé e. Ó dúró létí àbàtà, ó rí bí ẹja àrọ̀ ṣe ń yí omi po lábẹ́ òṣíbàtà, ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹja yìí mà sanra o! Ta ló ni ibí?”

“Èmi ni,” ni Abẹ̀jẹ́ wí.

“Ìwọ nìkan?”

“Kí ló dé tí ẹ fi bèèrè?”

“Hẹn-ẹn, o ò mọ ohun tí ojú mi ti rí. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, mo ra ẹja tán, mo di apẹ̀rẹ̀ tán, ni ẹ̀gbọ́n bá yọ níbí, àbúrò yọ lọ́hùn-ún, wọ́n ní kò sí ẹni tó ta nǹkan àwọn fún mi. Wọ́n da ẹja mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ajá ń jẹ ẹ́! Láti ọjọ́ náà, ibi tí ẹbí bá ti pọ̀ nídìí ẹja, mo ti sá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tìẹ nìkan, gbogbo rẹ̀ ni n ó kó, lọ́dún yìí àti lọ́dọọdún. Ìyàwó baálẹ̀ gan-an ni yóò máa wá kí ọ nílé.”

Abẹ̀jẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́. “Kò sí ẹbí kankan níbí,” ni ó wí.

“Ó dáa. Kí ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ yẹn ń ṣe? Ṣé ẹ̀ ń sin ẹja sọ́nà ni? Dí i kí o rí nǹkan tà!”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ọjọ́ kejì, Abẹ̀jẹ́ nìkan ni ó ri igi mọ́lẹ̀. Òun nìkan ni ó hun ọgbà. Ìlọ̀rí kò sí létí odò láàárọ̀ náà, nítorí pé àkókò ìkúnlẹ̀ ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ti tó, kò sì lè fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Ìlọ̀rí padà sódò, ó dẹ àwọ̀n, ó fà á, àwọ̀n ṣófo. Ó tún dẹ ẹ́. Ewé ni ó kó. Omi àrọ̀kúrò ti tòrò, ìkùukùu ń bọ́ sórí rẹ̀ ní òwúrọ̀, ìwọ̀nba ẹja tó wà nínú odò ti wọ ibú. Ó fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, ẹja kò wo ibẹ̀. Odò tó tòrò báyìí, Ọ̀nà Ẹja nìkan ni apẹja fi ń jẹun níbẹ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ wo ẹnu ọ̀nà náà, ó sì rí ọgbà.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí iná tí ó ti ń yan ẹja. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ àti àwọn aláàárù rẹ̀ ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Ìlọ̀rí wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo rí ọgbà ní Ọ̀nà Ẹja. Mo ní bóyá omi ló gbé e wá.”

Ọwọ́ Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ dúró lórí apẹ̀rẹ̀. “Abẹ̀jẹ́, ta nìyí? Ta ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n?”

Abẹ̀jẹ́ wo apẹ̀rẹ̀ tó ti kún. Ó wo èyí tó kù. Ó ní, “Èmi ò mọ̀ ọ́n rí. Ará odò ni. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ti rí èéfín ẹja, gbogbo ayé ni ẹ̀gbọ́n wọn.”

Àwọn aláàárù bú sẹ́rìn-ín. Ìlọ̀rí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Omi ń kán láti etí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹja ọbẹ̀ ni mo wá gbà fún Àwẹ̀ró,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Ó ti bímọ. Obìnrin ni. Yétúndé ló dé.”

Ìyá wọn ló padà wá. Abẹ̀jẹ́ gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹja tó fẹ́ yí lórí iná ń jó, kò yí i. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ì bá di àwàdà, wọn ì bá jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ ń wò.

“Fún un ní ẹyọ kan kí ó máa lọ,” ni Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ wí. “Àánú náà dára.”

Abẹ̀jẹ́ mú ẹja kan, ó nà án sí i láì wo ojú rẹ̀. Ìlọ̀rí gbà á. Ó tẹ́ ewé sílẹ̀, ó sì rọra gbé ẹja náà lé e níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ ṣé, màmá,” ni ó wí. “Ẹni tí kò mọ̀ wá kò jẹ wá ní gbèsè ẹja.”

Láti ìgbà tí Ìlọ̀rí ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pe Abẹ̀jẹ́ ní màmá rí.

Abẹ̀jẹ́ rò pé inú Ìlọ̀rí yóò rọ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò lọ, ó di ẹja tó dára jù sínú ewé, ó gba ilé Ìlọ̀rí lọ. Eérú ìdáná ti tutù. Ọkọ̀ kò sí létí odò. Ìlọ̀rí ti gbé ìyàwó àti ọmọ tuntun gba ìsàlẹ̀ odò lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n sì ti sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ dáadáa. Aróyè kún, ó ń hó. Abẹ̀jẹ́ ti gé igi ọgbà tuntun, ó ti hun apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń retí omi. Omi kò wọ àbàtà. Ó gbéra lọ wo ẹnu Ọ̀nà Ẹja, ó sì bá iyanrìn gbáàràgbá níbẹ̀, pẹ̀lú ìtì igi tí odò gbé wá, tí koríko ti hù lé lórí. Odò ń kọjá lọ níwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.

Bàbá Ṣíjúwadé, tó máa ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá, bá a níbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ họ iyanrìn. Bí ó ti ń họ ọ́ ni omi ń dá a padà.

“Ó ti pẹ́ jù, Abẹ̀jẹ́. Kí odò tó kún ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ.”

“Ta ló ń gbẹ́ ẹ, bàbá?”

Bàbá arúgbó náà wò ó pẹ́. “Ta ni ìwọ rò pé ó ń gbẹ́ ẹ? Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Ìlọ̀rí ni ó ń wọ inú omi níbí, tí ó ń kó iyanrìn, tí ó ń fa igi, títí ọ̀nà yóò fi là.”

“Kí ló dé tí kò sọ fún mi rí?”

“Ta ní í lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ni òun ń ṣílẹ̀kùn fún un?”

Nígbà tí àrọ̀kúrò dé, àbàtà ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Òṣíbàtà gbẹ mọ́ ilẹ̀. Ìyá Alápẹ̀rẹ̀ dé, ó wò ó lókèèrè, ó ní, “Ó mà ṣe o,” ó sì ní kí àwọn aláàárù rẹ̀ yí padà. Kò wá mọ́.

Abẹ̀jẹ́ fẹ́ lọ wá àbúrò rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtìjú so ó mọ́lẹ̀. Ọdún ń yí lu ọdún. Nígbà tí ó gbéra níkẹyìn, ó ń tẹ̀ lé etí Aróyè lọ sísàlẹ̀, ó ń bèèrè apẹja tó ń jẹ́ Ìlọ̀rí, títí ó fi bá a níwájú ilé, tó ń tún àwọ̀n ṣe.

Ìlọ̀rí dìde, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú àbọ̀, màmá. Ẹ kú ìrìn.” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó gbé omi wá. Nígbà kan, bí ó bá ti rí Abẹ̀jẹ́, “Ọkọ mi!” ni yóò kọ́kọ́ pariwo. Lọ́tẹ̀ yìí, “Ẹ káàárọ̀, mà,” ni ó wí. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, orí ẹja tó tóbi jù ni wọ́n fi sí i. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ó gbé e mì.

Ọmọbìnrin kékeré kan sá jáde láti inú ilé. Ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo àlejò, gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe.

“Bàbá mi, ta ni wọ́n?”

Ọwọ́ Ìlọ̀rí dúró lórí àwọ̀n. Abẹ̀jẹ́ dúró, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Àlejò ni wọ́n, Yétúndé,” ni Ìlọ̀rí wí. “Apá àbàtà ni wọ́n ti wá. Lọ bu omi sí i fún wọn.”

Abẹ̀jẹ́ fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé, “Èmi ni mo pọn bàbá rẹ dàgbà.” Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi jẹ́rìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kan náà ló ti sọ ọ́ nù níwájú àlejò? Ó gba omi lọ́wọ́ Yétúndé, ó mu ún, ó sì dìde.

Bàbá Ṣíjúwadé ni ó fi ọkọ̀ gbé e sọdá nígbà tí ó padà dé. “Ṣé o bá a?”

“Mo bá a.”

“Kí ló wí?”

Abẹ̀jẹ́ kọjú sí òdìkejì, níbi tí àbàtà gbé dá dúró, tó gbẹ táútáú, tí odò sì ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó náà bá a wò ó. Ohun tí ó wí nígbà náà, jẹ́jẹ́ ni ó wí i, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ará Etídò kan gbọ́ ọ létí odò, ó mú un délé, títí dòní olónìí, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó gbójú kúrò lára ẹbí rẹ̀, ohun náà ni wọ́n ń wí pé: Àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan.