Búlọ́ọ̀kù Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Dán

Láyíwọlá fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì jíìpù rẹ̀ tò, kó lè máa gun òkè tó lọ sí oko kòkó òun àti ìyá rẹ̀. Ní ìsọ̀ alálòkù, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kùn lọ́dà, tó ń dán gbinrin, ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó yínmú sí èkejì tó dípẹtà.

Ọ̀gá Rájí, mẹkáníìkì rẹ̀, kò bá a jà. Ó fi kẹrosíìnì pa inú méjèèjì níbi tí ọ̀dà kò dé, ó nù wọ́n gbẹ, ó wá bu ẹfun lẹ́búlẹ́bú lé wọn. Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì fi sun jáde lára olọ́dà, ó fa ìlà gbọọrọ sínú ẹfun. Búlọ́ọ̀kù náà ti sán! Ara onípẹtà gbẹ táútáú.

"Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá," ni ọ̀gá wí.

Láyíwọlá mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Àárín òkè ni ìbá kú sí, tèmi tìyá mi nínú ọkọ̀!"

Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi ń nu ìpẹtà.