Ekòló Oko Lájídé

Lájídé fẹ́ fẹ́ Àwẹ̀ró. Kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù láyé ju kí wọ́n má fún un lọ. Bàbá Àwẹ̀ró, Ògúnṣọlá, ò kúkú sọ pé òun ò gbà. Ilẹ̀ kékeré kan ló fi hàn án lẹ́yìn ọ̀pẹ, ó ní, "Gbin àgbàdo síbẹ̀. Ẹni tí ò lè bọ́ ara ẹ̀ ò lè bọ́ ọmọ mi. Bó bá yọmọ dáadáa, wá mú ìyàwó ẹ. Bí ò bá yọmọ, ọmọkùnrin kan lókè odò ti ń yà kí wa."

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Lájídé sinmi. Ó ṣán igbó, ó kó gbogbo koríko jọ, ó dáná sun ún. Ó gbá ilẹ̀ náà bí ẹni gbá àgbàlá. Ekòló tó bá hú jáde, adìẹ ló ń jù ú sí. Ó rò pé gbòǹgbò ni wọ́n ń jẹ.

Ìyá àgbà kan wà tóko ẹ̀ bá tiẹ̀ pààlà, Ẹfúnyẹlá lorúkọ ẹ̀. Koríko tí ìyá yìí bá tu, inú poro ló ń fi í sí kó jẹrà. Lájídé fi í ṣẹ̀sín: "Ìyá, oko lèyí àbí ààtàn?" Ìyá ń tu koríko ẹ̀ lọ.

Àgbàdo Lájídé hù o. Ó dé orúnkún, ewé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀. Tìyá dú bí aró. Nígbà tí ti Lájídé máa yọmọ, ọmọ ẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ. Ògúnṣọlá wò ó, ó mirí. "Òjò àrọ̀kúrò ṣì ń bọ̀. Tún un gbìn. Bí ìyẹn náà ò bá yọmọ, ó parí síbẹ̀."

Lájídé sáré lọ bá ìyá. Ó dúró gbagidi, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn. "Ìyá, oògùn wo lẹ fi sóko?"

Ìyá ń bó àgbàdo ẹ̀ lọ.

"Ẹ dá mi lóhùn o, ìyàwó mi ń lọ!"

Ìyá bu omi mu, ó tún mú àgbàdo míì.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Lájídé jókòó sóko, kò mọ èyí tó máa ṣe. Ló bá rí ekòló kan tádìẹ ò rí ṣà. Ó gbórí lélẹ̀, ilẹ̀ ò gbà á. Kò bínú. Ó fà sẹ́yìn, ó tún gbórí lélẹ̀, bí ẹni ń dọ̀bálẹ̀ fágbà. Kò léyín, kò lọ́wọ́, kò gbé ọkọ́. Ìgbà tó ṣe, ilẹ̀ líle yẹn là, ekòló wọlé.

Lájídé dìde. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú ìyá. "Ìyá, mo júbà. Mo rí yín fín. Mi ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹnu ẹ ti wá ń dùn! Dìde, aṣọ ẹ ti bàjẹ́." Ìyá rẹ́rìn-ín. "Mi ò lóògùn. Ekòló tó ò ń kó fádìẹ yẹn loògùn. Koríko tó jẹrà ló ń jẹ, ohun tó bá yà ni àgbàdo ń jẹ. Ihò tó lu lomi ń bá wọlẹ̀. Ìwọ sun oúnjẹ ẹ̀, o tún wá pa òun náà. Kí làgbàdo ẹ fẹ́ jẹ?"

Ìyá bu ekòló fún un pẹ̀lú erùpẹ̀ nínú akèǹgbè fífọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pàdé ẹ̀ lọ́nà. "Lájídé apẹja! Odò wo là ń lọ? Má gbàgbé ẹja tiwa o!" Kò wo ẹ̀yìn. Ó kó koríko tútù sí poro, ó da ekòló sábẹ́ ẹ̀. Kò dáná mọ́. Kó tó gbìn, ó ti ń rí òkìtì wẹ́wẹ́ tí ekòló yà sórí ilẹ̀.

Àgbàdo àrọ̀kúrò dé. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣì pọ́n díẹ̀, àmọ́ èyí tó kù dú. Ògúnṣọlá ya ọ̀kan, ó bó o. Ó kún láti ìdí dórí.

"Wá mú ìyàwó ẹ. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ekòló ni, bàbá."

"Ekòló báwo?"

Lájídé sọ bí ekòló ṣe forí balẹ̀ títí ilẹ̀ fi là fún un, àti bí òun náà ṣe lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ó lọ sọ ọ́ nílé, ará ilé sọ ọ́ fún ará oko. Àtìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ àgbà tó wá ń le ojú, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un ni pé: bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu.