Ìdí Tí Ọkọ̀ Fi Dé Ẹnu Rẹ̀, Tí Omi Inú Rẹ̀ Sì Fi Ní Àwọ̀ Ewé

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìgbèríko, ọkọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ẹnu rẹ̀ wà níwájú, lókè rédíétọ̀, ìyẹn ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba omi tí ẹ́ńjìnnì fi ń tutù. Ẹnu náà kò ní ìdérí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń mu omi, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Omi inú rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Omi lásán ni, bí èyí tí à ń mu.

Ní ìlú Agbédé-Òkè, awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ògúnṣínà. Òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ kan ṣoṣo, Ìbídùn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n ní. Gbérelé ni wọ́n sọ ọ́, torí pé ibi yòówù kí wọ́n lọ, ó máa ń gbé wọn relé láyọ̀.

Àwẹ̀ró fẹ́ràn Gbérelé púpọ̀. Láràárọ̀, bó bá ti gbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á kí i.

"Gbérelé, ṣé o jí dáadáa?"

"Mo jí dáadáa, Ìyá. Ìrì wẹ̀ mí, ó tù mí lára."

Ògúnṣínà náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Omi tó bá ti rí lọ́nà ló máa ń bù fún un: omi odò, omi kòtò, àní omi tí wọ́n ti fi rẹ ẹ̀gẹ́ pàápàá.

"Baba," Gbérelé á ní, "ẹrẹ̀ wà nínú omi yìí. Ó ń dì sí mi nínú."

"Omi ni omi ń jẹ́," Ògúnṣínà á dá a lóhùn. "Fara dà á. A ó délé."

Gbérelé á sì fara dà á. Ẹrẹ̀ ń gorí ẹrẹ̀. Irin inú rẹ̀ ń dípẹtà. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ mú Ìbídùn. Oyún àkọ́kọ́ ni, agbẹ̀bí sì ń gbé ní ìlú kejì, lẹ́yìn òkè. Wọ́n gbé Ìbídùn sẹ́yìn ọkọ̀, Àwẹ̀ró gbá a mọ́ra, Ògúnṣínà sì fi eré wa Gbérelé.

Wọn kò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí Gbérelé fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

"Baba, ooru ń mú mi. Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀."

"Dúró kẹ̀! O ò gbọ́ igbe ọmọ mi ni?"

"Mo ń gbọ́ ọ, Baba."

Ó tún gbìyànjú. Ó gùn ún, ó gùn ún, títí agbára rẹ̀ fi pin. Ó dúró gbọnyin sójú ọ̀nà, èéfín ń rú lára rẹ̀.

Ògúnṣínà fò sílẹ̀. Ó sáré lọ sí ìsun omi kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó bu omi tútù kún kèrègbè, ó sáré padà.

"Baba, ẹ dúró ná!" ni Gbérelé kígbe. "Ẹ má tíì bù ú sí mi! Ẹ jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ rọlẹ̀!"

Ṣùgbọ́n igbe Ìbídùn nìkan ló wà létí Ògúnṣínà. Ó da omi náà sí i lẹ́nu.

Ṣíììì! Bí omi tútù ti kan irin gbígbóná, ó di ooru. Ooru náà tú jáde lójijì, ó bó Ògúnṣínà láti ọmọ ìka dé ìgúnpá.

"Yéè!" ni Ògúnṣínà ké.

"Yéè, Baba mi!" ni Gbérelé náà ké.

Àwẹ̀ró kò mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ tọ́jú. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ̀rora níwájú, ọmọ rẹ̀ ń rọbí lẹ́yìn. Ìbídùn ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ní, "Ìyá mi, ó ti ń bọ̀ o!"

Àwẹ̀ró tú ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí koríko. Ó tẹ́ Ìbídùn sí i, ó sì fúnra rẹ̀ gbẹ̀bí ọmọ náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọmọbìnrin jòjòló kan fi ké sórí òkè náà. Ìyá yè, ọmọ yè. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀, ó sunkún ayọ̀.

Ògúnṣínà kò lè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó gbá apá rẹ̀ tó bó mú, ó wo Gbérelé.

"Ìwọ tí mo ń pè ní ọmọ," ó ní. "Ọjọ́ tí mo nílò rẹ ni o já mi kulẹ̀. O tún bó mi lọ́wọ́."

Nígbà tí ara Gbérelé tutù, ó rọra wọ́ wọn padà sílé.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ògúnṣínà kò tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Inú ilé ló ń jókòó sí. Àwẹ̀ró ń já ewé àbámọdá, ó ń gún un, ó ń fún omi rẹ̀ sí ojú egbò náà, ó sì ń fi ẹnu fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọdé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó rí omi pupa tó ń kán lábẹ́ Gbérelé, tó, tó, tó.

"Gbérelé, ṣé ẹkún lò ń sun?"

"Ìyá, báwo ni ọwọ́ Baba?"

"Ó ń san."

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ bó wọn," ni Gbérelé wí. "Ẹrẹ̀ ti dí mi nínú, omi ò rí ọ̀nà gbà. Ká ní mo lè pa ẹnu mi dé ni, ǹ bá gbé ooru yẹn mì."

Àwẹ̀ró wọlé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ògúnṣínà wo ọwọ́ rẹ̀ tó bó.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ó sọ fún mi. Àìmọye ìgbà ló sọ fún mi."

"Ẹ dìde, ká lọ bá a," ni Àwẹ̀ró wí.

Ògúnṣínà jáde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó dá kan orí Gbérelé jẹ́jẹ́.

"Ṣé ara rẹ ti tutù?"

"Ó ti tutù, Baba."

"Jẹ́ ká wẹ inú rẹ. Má bínú sí mi."

Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀, tí wọ́n fi irin dí. Ògúnṣínà gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, ó tú irin náà. Omi tó jáde pọ́n bí epo, ó nípọn bí ọ̀gì. Àwẹ̀ró gbẹ́ kòtò kan tó jìnnà sílé, ó dà á sí i, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ewúrẹ́ má bàa mu ún.

Wọ́n dí ihò náà padà, wọ́n bu omi òjò tó mọ́ sí i. Gbérelé jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí omi náà lè yí ká inú rẹ̀. Wọ́n tún dúró kí ara rẹ̀ tutù, wọ́n tún tú u dànù. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ìgbà karùn-ún, omi tó jáde mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àwẹ̀ró fi rí ojú ara rẹ̀ nínú bàsíà.

"Há à," Gbérelé mí kanlẹ̀. "Mo ti gbàgbé pé ara ń fúyẹ́ báyìí."

Wọ́n wá rọra bu omi tuntun kún un, díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Bí omi náà bá ti lọ sílẹ̀, Àwẹ̀ró á tún fi díẹ̀ kún un. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kún, ó wọlé, ó gbé igbá oje àbámọdá tó ń fi tọ́jú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ jáde. Ó da ìyókù rẹ̀ sí Gbérelé nínú.

"Egbò kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ní," ó ní. "Oògùn kan náà ni kí ẹ jọ lò."

Omi náà sì di àwọ̀ ewé.

"Ìyá," ni Gbérelé wí, "ó ku ohun kan. Ẹ fi irin dé mi lẹ́nu. N kò fẹ́ kí ooru ẹnu mi bó ẹnikẹ́ni mọ́."

"Bí a bá dé ọ lẹ́nu," ni Ògúnṣínà wí, "báwo lo ṣe máa bá wa sọ̀rọ̀?"

"N kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, Baba. Abẹ́rẹ́ kékeré kan yóò wà níwájú yín níbi tí ẹ ti ń wà mí. Bí ooru bá ń mú mi, yóò dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó."

Àwẹ̀ró fi etí aṣọ rẹ̀ nu omijé. "Kí lo fẹ́ kí a ṣe fún ọ kí a tó dé ọ lẹ́nu?"

"Ẹ fi ọmọ náà hàn mí."

Ìbídùn gbé ọmọ jáde. Ó gbé e súnmọ́ ọ̀dọ̀ Gbérelé. Gbérelé fẹ́ atẹ́gùn tútù kan sí i lójú, ọmọ náà sì yán.

"Ẹ kú ewu ọmọ, Ìbídùn," ni Gbérelé wí.

Ògúnṣínà mú ìdérí irin kan, ó sì yí i mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni omi inú rédíétọ̀ ti ń ní àwọ̀ ewé, tí a sì ń tú u dànù látìgbàdégbà, tí a ń fọ inú rẹ̀ kí ó tó gba omíràn. Láti ọjọ́ náà náà ni awakọ̀ tó gbọ́n ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọkọ̀, tó ń dúró kí ara rẹ̀ tutù kó tó ṣí i. Ẹni tó bá ń kánjú, tó fọwọ́ kan ìdérí náà nígbà tó ṣì gbóná, á gbọ́ ohùn kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ṣíì. Ọkọ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀.