Ìlú Méjì Tí Wọ́n Ti Ń Kọ́ Ọmọ Àlejò Ní Aró

Ìyùnadé fẹ́ràn aṣọ aró ju oúnjẹ lọ. Bó bá rí àdìrẹ lára ènìyàn, á tẹ̀ lé onítọ̀hún títí á fi rí ẹ̀yìn aṣọ náà. Ṣùgbọ́n kò sí aláró kankan nílùú wọn, nítorí náà, nígbà tó tó iṣẹ́ẹ́ kọ́, òkèèrè ló kù tó lè lọ. Ìlú méjì ló ń gba ọmọ àlejò: Ìdó-Ọ̀ṣà àti Kókójẹ. Òfin kan náà ni wọ́n sì ń lò. Ẹni tó bá ti bá ọ̀gá kan jẹ obì àdéhùn, ọdún mẹ́fà gbáko ni yóò lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mìíràn kò gbọdọ̀ gbà á.

Àjàdí aláròóbọ̀, tó máa ń ná ọjà ìlú méjèèjì, ló ròyìn wọn fún ìyá Ìyùnadé.

"Háà, ìyá wa, Ìdó-Ọ̀ṣà ni kẹ́ ẹ mú un lọ! Ilé ńlá! Ẹran ń bẹ lọ́bẹ̀ lójoojúmọ́! Ti Kókójẹ ńkọ́? Ẹ má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí. Ahéré tó ń jò, ìyá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni ọ̀gá ibẹ̀."

Inú Ìyùnadé dùn ṣìnkìn. Ó di ẹrù, ó tú u, ó tún un dì. Ó dágbére fún ará àdúgbò lẹ́ẹ̀mejì, títí ẹnì kan fi bi í pé ṣé kò tíì lọ ni.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká tètè lọ jẹ obì náà!"

"Rọra o. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. A ó kọ́kọ́ fojú wa wò ó."

Nígbà tí wọ́n dé Ìdó-Ọ̀ṣà, bí Àjàdí ṣe wí ni wọ́n bá a. Wọ́n jẹ ẹran yó. Ọ̀gá ti gbé obì sọ́wọ́ nígbà tí ọmọ àlejò kan kúnlẹ̀, tó gbé omi fún wọn. Ó ní òun ti lo ọdún mẹ́rin. Ìyùnadé wo ọwọ́ rẹ̀: ó mọ́ tónítóní, èékánná funfun báláú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í ti ọwọ́ bọ aró ni?"

"Àwa àlejò kẹ̀? Igi là ń ṣẹ́. Àwọn ọmọ ọ̀gá ló ń rẹ aṣọ."

Ìyùnadé kígbe sí ọ̀gá:

"Ẹ dákun, ẹ má tíì pa obì yẹn!" Ìyá rẹ̀ ti dìde.

Wọ́n dé Kókójẹ. Ahéré ń jò lóòótọ́, ìyá àgbà kò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ àlejò kan wà níbẹ̀ tó dé ní oṣù mẹ́ta péré sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ìgbúnwọ́.

"Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́," ni ìyá àgbà wí fún Ìyùnadé, ó nawọ́ sí ìkòkò aró.

Ó tì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó yọ ọ́, àwọ̀ ọwọ́ náà dà bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú wọn. Ìyùnadé pariwo, ó fò sókè, aró ń ta sí ìyá rẹ̀ láṣọ.

"Ìyá mi, ẹ wò ó! Ẹ wò ó!"

"Mo rí i, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àjàdí kò purọ́ kankan, àmọ́ kò wo ọwọ́ ọmọ. Ìyá àgbà, ẹ gbé obì wá."

Ibi tí àwọn àgbà ti mú un nìyẹn, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ìròyìn kò tó àfojúbà.