Tíṣà Látúnjí àti Ìgbálẹ̀ Ọ̀gá Rẹ̀

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí ni Tíṣà Látúnjí fi pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ tó ta alùpùpù, tó kó gbogbo owó náà lọ san nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ti kógbá sílé, òun náà sì ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Owó tí èèyàn bá san níbẹ̀, wọn kì í dá a padà.

Ó débẹ̀, ta ni ọ̀gá? Kújọrẹ́ ni, ọmọ tí Tíṣà máa ń ní kó tún kíláàsì gbá lẹ́ẹ̀mẹta torí pé olódo ni. Kújọrẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí i. Bó ṣe dìde, ó na ìgbálẹ̀ sí i.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ló ń gbálẹ̀ níbí.”

Ni bàbá bá fi ìbínú gbalé lọ.

“Èmi tí mo kọ́ Kújọrẹ́ ní A, B, D!”

Ìyàwó rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Tinú. Ẹ ti ta alùpùpù, iyì yín nìkan ni ẹ ò fẹ́ kó kan àpáta. Ṣé kí n ránṣẹ́ sí oyin pé kó máa rìn bọ̀ wá bá yín nílé?”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Tíṣà padà síbi iṣẹ́, ó gbálẹ̀. Kújọrẹ́ yọjú wo abẹ́ tábìlì, ó mi orí.

“Ẹ tún un gbá, sà.”

“Ó ti yé mi, Ọ̀gá,” ni Tíṣà wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.