Bánà Ojú Fèrèsé

Ohun dúdú kan ń hù bí irun lára ògiri balùwẹ̀ Olóyè Ọlátéjú. Ó kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún hù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wí pé kò mọ ilé fọ̀. Ọmọ wọn sì ń wúkọ́.

Nígbà kẹrin, akunlé nawọ́ sí fèrèsé. Bánà ìwúyè Olóyè ni wọ́n fi dí i pa, kí àwòrán rẹ̀ lè kọjú sí títì.

“Bàbá, ọ̀rinrin ò ríbi jáde. Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀, tí ẹ ń pa làpálàpá.”

“Èmi lò ń pè ní ẹ̀tẹ̀?”

Ọmọ tún wúkọ́. Olóyè fa bánà náà já. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ju ògiri lọ.

Ìyàwó rẹ̀ kó ìbomú àti kànìnkànìn lé e lọ́wọ́.