Òfin tí Wọ́n Ṣe fún Ẹnì Kan

Láìtan atukọ̀, tó ń kó ẹja wá fún mi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn aṣòfin ti ṣe òfin fún ẹnì kan ṣoṣo. Mo ní irọ́ ni. Irọ́ kọ́. Nọ́ọ̀sì, jókòó kí o gbọ́.

Ọkùnrin kan wà tí ìjọba gbà sí iṣẹ́ wíwọn odò. Òpó kan wà nínú omi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Láràárọ̀, á wo ibi tí omi dé, á kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọba wá ti ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ pa fún ọdún mẹ́ta. Owó oṣù dúró. Ọkùnrin yìí kò dúró. Ó ń dáko ẹ̀gẹ́ jẹun, ó sì ń wọn odò. Àwa tí a ń ra ẹja létí omi ń pè é ní Olódò. Àwọn aláìníjàánu a yí ohùn pa dà, á di olódo. "Bọ̀ọ̀dá Olódo, ṣé ẹja ló ń sanwó fún yín ni?"

Á ní, "Omi ò mọ̀ pé wọ́n ti ti ọ́fíìsì."

Ọ́fíìsì tún ṣí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, akọ̀wé yọ ọdún mẹ́ta náà kúrò nínú pẹ́ńṣàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ yẹn ni ì bá máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyàwó rẹ̀.

Akọ̀wé ní, "Bàbá, ta ló rán yín níṣẹ́ lọ́dún wọ̀nyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ kò sì rán ẹnikẹ́ni wá sọ pé kí n má lọ mọ́."

"Òfin ò gbà á, Bàbá."

Ó pẹ́, àwọn tó fẹ́ ṣe afárá dé. Ọdún tí omi gbé ilé lọ wà nínú mẹ́ta yẹn, wọ́n sì fẹ́ mọ bí omi ṣe ga tó. Kò sí níbì kankan àfi nínú ìwé rẹ̀. Èmi ì bá tà á fún wọn, owó gọbọi. Ó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, pé ọwọ́ òun ni wọ́n ti rí i. Ìwé yẹn ló gbé tọ aṣòfin àgbègbè wa lọ.

Nílé ìgbìmọ̀, ẹnì kan ní bí wọ́n bá ṣe òfin fún un, ẹgbẹ̀rún èèyàn á tò sẹ́nu ọ̀nà lọ́la. Aṣòfin wa ní kí wọ́n wá tò, kí kálukú mú ìwé ọdún mẹ́ta tirẹ̀ dání. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ṣe òfin náà, ojú ewé kan péré, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀: kí wọ́n ka ọdún mẹ́ta náà fún un, kí wọ́n sì san gbogbo ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì, oṣù kẹrin rèé tí wọn ò sanwó fún ọ, o sì ti ti ilé ìwòsàn, o kó kọ́kọ́rọ́ sápò. N kò ní kí o máa febi ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí kò bèèrè owó rẹ̀, òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣílẹ̀kùn fún wákàtí méjì láràárọ̀, kí o kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí o bá tọ́jú, kí o kọ déètì sí i. Lẹ́yìn náà, mú ìwé yẹn lọ bá wọn jà. Ìjà ti ọkùnrin yìí gba ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ni wọ́n san án fún un, ó pé, kọ́bọ̀ kan ò dín.